Òwú Sọ Bolton Dọlọ́rọ̀

Ìlú Bolton ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Samuel Crompton ti ṣe ẹ̀rọ ìrànwú ní 1779, èyí tó ń ran òwú tó tín-ín-rín tó sì yi. Àwọn oníléeṣẹ́ fi ẹ̀rọ náà dọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n £5,000 péré ni ilé aṣòfin fún Crompton ní 1812.

Ní àwọn iléeṣẹ́ náà nígbà yẹn, àwọn ọmọdé ń rákòrò lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ láti ṣa èérún òwú. Àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà ló ń ká púpọ̀ nínú òwú tí wọ́n ń ràn níbẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1861, òwú wọ́n, ebi sì wọlé àwọn òṣìṣẹ́ Bolton. Bí a bá ń yin ọrọ̀ Bolton, ẹ má gbàgbé àwọn tó làágùn fún un.