Yíyan Ẹja Tí Yóò Lè Jọ Gbé Inú Àpótí Gíláàsì Kan

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn: irú àwọn ẹja wo ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sin ẹja fún wíwò lè kó sínú àpótí gíláàsì kan náà, tí wọn kò fi ní pa ara wọn? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dúró níwájú kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ó ń wá ẹja tí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn mú wá, tí kò rí ju ìpẹ́ lọ, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Èmi gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Èjìgbò, mo ní kí wọ́n bá mi mú ẹja wá láàyè láti inú odò kékeré kan tí ó wà nítòsí. Wọ́n mú èpìyà kéékèèké mẹ́fà wá, pẹ̀lú ẹja méjì tí ó ní àmì dúdú márùn-ún ní ìhà kọ̀ọ̀kan ara wọn. Àwọn méjì yìí ni ó wu gbogbo wa jù. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo da gbogbo wọn pọ̀. Nígbà tí a padà dé ní ọjọ́ Ajé, èpìyà kan ṣoṣo ni ó kù, ó fara pamọ́ sí igun, lẹbẹ rẹ̀ sì ti ya. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, “Tíṣà, ṣé ẹ kò mọ̀ pé wọn yóò jẹ wọ́n ni?” N kò mọ̀. Ìbéèrè ọmọ náà ni mo wá dáhùn níwájú yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èpìyà àti ẹja alámì márùn-ún náà, tí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ń jẹ́ Hemichromis fasciatus, ẹbí kan ni wọ́n. Cichlidae ni a ń pe ẹbí náà. Irú ẹja tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 1,600, ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù àti ti Àárín, àti díẹ̀ ní Éṣíà. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ wo imú wọn: ihò kan ṣoṣo ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja mìíràn ní méjì-méjì.

Ohun kejì tí a fi ń mọ̀ wọ́n ni ìtọ́jú ọmọ. Abo Oreochromis niloticus a máa kó ẹyin rẹ̀ sí ẹnu títí wọn yóò fi pa. Ní ti Sarotherodon melanotheron, èpìyà inú ọ̀sà Èkó, bàbá ni ó ń gbé ẹyin sí ẹnu. Coptodon zillii kì í gbé ẹyin sí ẹnu rárá. Ìsàlẹ̀ omi ni ó ń yé e sí, tí ìyá àti bàbá yóò sì jọ máa ṣọ́ ọ. Ìtọ́jú tí a ń yìn yìí náà ni orísun ìjà wọn. Ẹni tí ó ní ọmọ yóò wá ilé. Ẹni tí ó ní ilé yóò pa ààlà. Ẹni tí ó sì pa ààlà yóò jà nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọdún Ògìyán ní Èjìgbò, ẹ mọ bí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Òṣolo àti àwọn ará Òkè Màpó ti máa ń fi àtòrì na ara wọn. Pàṣán a dún, ara a ta, ṣùgbọ́n ìjà náà ní ìwọ̀n, ó ní òpin, olúkúlùkù sì ní àdúgbò tí yóò padà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjà ẹja rí nínú odò: èyí tí a bá ṣẹ́gun yóò sá lọ, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Nínú àpótí gíláàsì, kò sí ibi tí yóò sá sí. Aṣẹ́gun yóò máa rí ọ̀tá rẹ̀ níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò sì ní dẹ́kun ìjà títí ọ̀kan yóò fi kú. Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n yíyan ẹja kò ju èyí lọ: kí a yan àwọn tí kò ní du ààyè kan náà. Àwọn àgbà wa sọ pé ìwà lẹwà. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ yan ẹja, ìjà ni yóò máa là.

Ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí á bi ara wa kí á tó mú owó jáde. Èkíní, báwo ni ẹja yìí yóò ti tóbi tó bí ó bá dàgbà? Èpìyà tí ó gùn tó ìka lónìí lè gùn ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Èkejì, kí ni ó ń jẹ? Ẹja alámì márùn-ún, ẹja wẹ́wẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Coptodon zillii ní tirẹ̀ yóò jẹ gbogbo ewéko tí ẹ bá gbìn sínú omi. Ẹ̀kẹta, irú omi wo ni ó ti wá? Omi adágún Màláwì le, iyọ̀ inú òkúta pọ̀ nínú rẹ̀. Omi ọ̀pọ̀ ẹ̀ka odò Amazon rọ̀. Ẹja méjèèjì lè wà lórí igbá ọlọ́jà kan náà, ṣùgbọ́n omi kan kò lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Ẹ̀kẹrin, apá ibo nínú omi ni ó ń gbé: ìsàlẹ̀ ni, àárín ni, tàbí òkè?

Bí a bá fi ìbéèrè wọ̀nyí yẹ ẹja wò, èyí tí mo rò pé ó yẹ ọ̀bẹ̀rẹ̀ jù ni Pelvicachromis pulcher. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà àti etíkun Kamẹrúùnù ni ẹja yìí. G. A. Boulenger ni ó kọ́kọ́ kọ àpèjúwe rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1901, láti ìgbà pípẹ́ sì ni àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń sìn ín nínú ilé wọn. Akọ rẹ̀ kì í sábà gùn ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ. Abo kéré jù bẹ́ẹ̀. Bí àkókò ẹyin bá tó, ikùn abo a pọ́n yòò bí ìgbà tí a fi osùn pa á. Inú ihò ni wọ́n ń yé ẹyin sí, takọtabo a sì jọ máa da àwọn ọmọ wọn kiri.

Takọtabo kan ṣoṣo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nínú àpótí tí ó gba nǹkan bí 100 lítà omi. Ẹ da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ to òkúta sí i, kí ẹ sì da ojú ìkòkò amọ̀ kékeré tí ó fọ́ létí dé, kí ó di ihò fún wọn. Nígbà tí àwọn yìí ti gba ìsàlẹ̀, ẹ lè fi ẹja mẹ́fà tí ń rìn lọ́wọ̀ọ́ ní àárín àti òkè omi kún wọn. Arnoldichthys spilopterus, ẹja olójú pupa tí Nàìjíríà nìkan ni a ti ń rí i, dára fún èyí. Ẹ má fi takọtabo kejì kún un, ẹ má sì fi èpìyà tàbí àrọ̀ kún un.

Ẹ má kánjú kó ẹja sínú omi tuntun. Bí omi ẹ̀rọ bá ní oògùn apakòkòrò, ẹ jẹ́ kí ó sinmi nínú agbada fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìgbẹ́ ẹja a máa di amóníà, májèlé sì ni. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín kan wà tí ń sọ ọ́ di ohun tí kò léwu púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹ fún wọn ní kànìnkànìn tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá kí wọ́n fi ṣe ilé, kí ẹ sì máa fọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi náà kí wọ́n rí ohun jẹ. Lẹ́yìn tí ẹja bá dé, ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Nítorí iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀, ẹja tí kò pọ̀ ni ààbò wa.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi ni èyí: bí ẹja bá sú yín, ẹ má dà á sínú odò. Èpìyà ọ̀sà tiwa tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan di àjèjì nínú omi Thailand, ó sì pọ̀ títí tí ìjọba ibẹ̀ fi ń fi owó rà á lọ́wọ́ àwọn apẹja ní ọdún 2024 kí wọ́n lè dín in kù. Àpótí gíláàsì kéré. Ẹni tí ó ṣìṣe nínú rẹ̀ lè tún un ṣe. Odò kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó ní kí ọmọ mú ẹja wá, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin náà. Ìdáhùn tí èmi kò ní lọ́jọ́sí ni ó pa ẹja márùn-ún.