Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wa Rí Egbin

(Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ kan bá ìpàdé ẹ̀ka wa sọ ní Dùgbẹ̀)



Gbogbo wa la máa ń sọ pé obìnrin rẹwà bí egbin. Mélòó nínú wa ló ti fojú rí egbin láàyè? Ẹranko inú àhámọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn la mọ̀, àti òkú ẹran tí wọ́n gbé kọ́ lẹ́bàá títì.

Àwọn òyìnbó ń náwó gọbọi lọ sí Kẹ́ńyà láti wo ẹranko nínú igbó. Tiwa kò jìnnà. Bí a bá wọkọ̀ ní Dùgbẹ̀, tí a gba Mọ́níyà àti Fìdítì, a ó dé Ọ̀yọ́. Ní Ìsokùn níbẹ̀ ni olú-ọ́fíìsì Ọgbà Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé wà. Igbó náà gan-an wà lókè lọ́hùn-ún, níhà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ní 1936 apá kan rẹ̀ di igbó ọba. Ní 1952 wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ẹranko. Ní 1991 ó di ti ìjọba àpapọ̀. Ẹfọ̀n, egbin, ìmàdò àti ọ̀bọ ń bẹ níbẹ̀. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú Aláàfin tí ogun tú kí 1840 tó dé, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára láti lọ, nígbà tí koríko ti jóná, tí ẹran ń wá omi lọ sétí odò.

Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ ajípa kò jẹ́ kí ẹran náà sinmi. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má bínú: inú búùtù ọkọ̀ wa ni ẹran ajípa ń gbà wọ ìgboro. Èmi náà ti gbé e rí. Owó rẹ̀ dùn, n kò bèèrè ibi tó ti wá. Ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ igbó kan dá mi dúró, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó pa ẹran yìí, èmi ni yóò dojú ìbọn kọ lọ́la.” Ojú tì mí. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù bíi tiwa ni.

Ohun méjì ni mo bẹ̀ yín. Kí awakọ̀ ẹ̀ka yìí má ṣe gbé ẹran igbó ọba mọ́. Èkejì, kí a dáwó bọ́ọ̀sì kan jọ, kí a kó àwọn ọmọ wa lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí akọ̀wé kọ́kọ́ bèèrè ní Ìsokùn bóyá ọ̀nà dára, kò séwu.

Kí egbin má di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lójú wa.