Bùlẹ́ńdà Ìyá Mi



Ìyá mi kò lè jẹ ohun líle mọ́, ni mo bá ra bùlẹ́ńdà kékeré kan, oníkọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Máńgòrò àti atalẹ̀ díẹ̀ ni mo fi sí i. Bí mo ṣe kì í bọ iná, ó han gooro, òórùn rọ́bà jíjóná gba ilé ìdáná, abẹ rẹ̀ sì dúró gbagidi.

Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á pẹ̀lú ìwé wárántì. Wọ́n yí ìdí rẹ̀ sókè: 120 volt ló wà níbẹ̀, iná Côte d'Ivoire sì jẹ́ 220. Wọ́n ní èmi ni mo ṣì í lò, pé Amẹ́ríkà nìkan ni wárántì náà ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó tà á fún mi náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Ó dùn mí wọra.

Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà wà nílẹ̀ yìí láti 2016, mo sì ń padà lọ lónìí. Ẹ̀yin òǹtajà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tan ẹ̀rọ lójú oníbàárà kí ẹ tó gbowó.

Láàárọ̀ yìí, odó ni mo fi gún máńgòrò náà. Ìyá mi ṣì ń yọ fọ́nrán rẹ̀ láàárín eyín.