Kí O Tó Gbé Kámẹ́rà Sókè, Kí Wọn Ná: Ìrìn Fọ́tò Nínú Ìsàlẹ̀ Èkó

Láti Ògòtún Èkìtì ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn, ẹ bá mi fara dà á, aládùúgbò mi ló tan tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tòní ò ju ọ̀kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń béèrè pé, bí ènìyàn bá fẹ́ rìn káàkiri àdúgbò tó kún fún èrò, kó máa ya fọ́tò àwọn tó bá rí, ṣé kó kọ́kọ́ tọrọ àyè ni, àbí kó yà á tán kó tó wá máa bẹ̀bẹ̀? Àwọn kan tilẹ̀ béèrè ohun tí èèyàn lè ṣe tí wọn ò fi ní lù ú. Ìbéèrè gidi ni, n ò ní fi ṣàwàdà.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni n ó fi ṣàpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti máa ń rìn jù bí mo bá lọ sí Èkó. CMS ni mo ti ń bọ́ sílẹ̀. N ó gba Broad Street lọ sí Tinúbú, n ó yà sí Martins Street níbi tí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, n ó bọ́ sínú Balógun, n ó já sí Ìdúmọ̀tà, kí n tó wá rọra wọ àwọn òpópónà kéékèèké tó lọ sí ọ̀nà Iga Ìdúngànràn. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé mi, Campos ni n ó parí rẹ̀ sí, ní Pópó Àgùdà. Ọ̀nà náà ò jìn rárá. Ẹni tí kò gbé kámẹ́rà lè rìn ín tán kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ̀. Èmi máa ń lo wákàtí mẹ́rin, nígbà míì márùn-ún.

Ẹ tètè dé ibẹ̀. Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀, oòrùn ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń ṣí ilẹ̀kùn onírin, àwọn alábàárù ti ń gbẹ́rù, àwọn tó ń tajà nílẹ̀ ń tẹ́ ọ̀rá. Tó bá ti di aago mẹ́wàá sókè, ìmọ́lẹ̀ á ti le jù, ojú èèyàn dúdú lábẹ́ fìlà á wá di òjìji lásán nínú fọ́tò. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ wa.

Àwa tá a ti inú ìwé kọ́ fọ́tò òpópónà, ọ̀nà yíyọ́ ni wọ́n kọ́ wa. Henri Cartier-Bresson, ará Faransé tí gbogbo ayé ń pè lọ́gàá nínú iṣẹ́ yìí, fi téèpù dúdú bo ibi tó ń dán lára kámẹ́rà Leica rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fura. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952 ní àkọlé kan lédè Faransé tí mo fẹ́ràn gan-an: Images à la Sauvette. Ọ̀rọ̀ yẹn, sauvette, ni wọ́n ń lò fún àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà láìní ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń fi ojú kan ta, tí wọ́n ń fi ojú kejì ṣọ́ ọlọ́pàá. Ẹ ò rí i pé ará Ìdúmọ̀tà ni wọ́n? Ẹni tó bá ti rí bí àwọn tó ń ta bàtà lórí ọ̀rá ṣe ń di igun mẹ́rin ọ̀rá mú, tí wọ́n ń gbé gbogbo ìsọ̀ sáré, bí ẹnìkan bá ti ké pé "KAI ń bọ̀!", onítọ̀hún ti mọ ohun tí àkọlé yẹn ń sọ.

Mo fẹ́ràn àwọn fọ́tò ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ò ṣe é gbé wọ Balógun. Inú ọjà tí olúkúlùkù ti ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún ẹni tó bá ń yọ́ rìn.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta léèsì. Oòrùn àárọ̀ bọ́ sára léèsì aláwọ̀ ewé kan tó fi kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ yẹn wá ń tàn sí i lójú. Mo kí i, mo sì sọ ohun tí mo fẹ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi ojú mi ṣe?" Mo ní mò ń ya àwòrán àdúgbò ni. Ó ní ẹnìkan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún alájà ẹ̀gbẹ́ òun rí, ìgbà tó ṣe, ọmọ obìnrin náà rí fọ́tò ìyá rẹ̀ lórí Facebook, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé opó ni, pé ó ń ṣàìsàn, kí àwọn aláàánú fowó ránṣẹ́. "Ọkọ rẹ̀ ń bẹ láàyè o," ló wí. "Òun náà ń bẹ láàyè. Ta ló wá gba owó yẹn?"

Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dáàbò bo àṣírí ará ìlú, òfin lórí ìdáàbòbò dátà sì ti wà láti 2023. Ṣùgbọ́n n ò tíì bá ẹni tó ka abala òfin sí mi létí ní Balógun rí. Ìbéèrè obìnrin yẹn ni wọ́n máa ń bi mí: kí lo fẹ́ fi ojú mi ṣe? Ó kọ̀, mo sì ní, "Ẹ ó tà á o, màmá." Mo kọjá. N ò ní fọ́tò rẹ̀ tí mo lè fi hàn yín.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín ni pé kíkí ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa bẹ èèyàn o. Mo ní kẹ́ ẹ kí wọn. Ẹ wo iṣẹ́ tí èdè wa ti bá wa ṣe sílẹ̀: ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó, ẹni tó ń rẹ́rù lórí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ rọra o, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ, ajé á wọgbá. Kò sí bí ẹ ṣe lè kí èèyàn báyìí láì kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe dáadáa. Wíwò yẹn gan-an sì niṣẹ́ ẹni tó gbé kámẹ́rà. Mo ti bá àwọn ọmọ tó ń ya fọ́tò rìn, tí kámẹ́rà wọn wọ́n ju ọ̀kadà lọ, tí wọ́n ń kí gbogbo ènìyàn ní "hello". Wọn ò tíì rí ẹnikẹ́ni ni wọ́n fi ń kí i bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ àdúgbò náà ńkọ́? Wọn á wá. Wọn á béèrè ẹni tó fún yín láṣẹ, wọn á béèrè nǹkan ọwọ́. Tí ẹ bá ti kí àwọn àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà, àgbà kan ni yóò bá yín dáhùn. Tí ẹ kò bá tíì kí ẹnikẹ́ni, ẹ wá owó.

Ó wá ní ibi tó ti le. Bí ẹ bá kí èèyàn, tó sì gbà, kò ní ṣe ohun tó ń ṣe mọ́. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á dákẹ́. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri á dìde, á tún fìlà dé, á na ẹ̀yìn, á wojú kámẹ́rà gán-án bí ẹni tó fẹ́ gba ipò. Àwọn ayafọ́tò òpópónà á ní ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn.

Ní 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé lórí fọ́tò láàrin àwa Yorùbá, Ìlá Ọ̀ràngún ló sì ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí náà. Ó rí i pé bí àwọn àgbà ṣe ń jókòó fún fọ́tò, tí wọ́n kọjú síwájú, tí wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, tí aṣọ tẹ́ rẹrẹ, kì í ṣe ti pé wọn ò mọ kámẹ́rà lò. Bí ẹni iyì ṣe ń jókòó nìyẹn. Ó tún rí àwọn ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ti lọ, tí ayafọ́tò ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, tó tẹ méjèèjì papọ̀ sórí bébà kan, kí ìbejì lè pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal náà kọ ọ́ ní 2001 pé ohun tí à ń wò láti fi rántí wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àwòrán. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ẹni tí wọ́n fẹ́ rántí kọ́ ló yẹ kó sọ bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n rántí òun?

Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ṣì fẹ́ fọ́tò tí kò sẹ́ni tó múra sílẹ̀ fún. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ẹ lọ wo iṣẹ́ Akinbode Akinbiyi. Wọ́n bí i ní 1946 ní Oxford, Berlin ló ń gbé, àmọ́ ó ti ń rìn ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, díẹ̀díẹ̀. Kámẹ́rà Rolleiflex tó ń lò, ìgbáyà tàbí ikùn lèèyàn ń gbé e sí, á wá tẹrí ba wo inú rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ya ènìyàn, orí ló ń tẹ̀. Kò gbé nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lójú bí ìbọn. Ohun tí mo jí kọ́ lára rẹ̀ ni ìdúró. Mo máa ń kí wọn, n ó ya èyí tí wọ́n múra fún, n ó fi hàn wọ́n, lẹ́yìn náà n ó wá àga tàbí ìkòkò ògiri kan jókòó sí, n ó ra omi inú ọ̀rá. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn á ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, wọ́n mọ ohun tí mò ń ṣe, mi ò sì já mọ́ nǹkan kan lójú wọn mọ́.

Ní 2023, ilé àwòrán MoMA ní New York ṣe ìpàtẹ fọ́tò àwọn méje tí iṣẹ́ wọn so mọ́ Èkó. Akinbiyi wà níbẹ̀, Logo Oluwamuyiwa tó ń ya Èkó ní dúdú àti funfun wà níbẹ̀, Amanda Iheme náà wà níbẹ̀. Iheme ya ilé àwọn Àgùdà kan tó wà ní Tinúbú, tí wọ́n ń pè ní Casa do Fernandez tàbí Ilọ́jọ̀ Bar. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ilé yẹn, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Mo ń kọjá níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo tí mo bá ń ti Broad Street bọ̀. Ní báyìí, inú fọ́tò nìkan lẹ ti lè rí i.

Ènìyàn náà ń lọ bẹ́ẹ̀. Ní Campos, bàbá àgbàlagbà kan wà tó máa ń jókòó níwájú ilé wọn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìròyìn. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, bàbá." Ó bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Èkìtì. Ó ní, "Ẹ̀yin ọlọ́jọ̀gbọ́n." Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́, ó ní kí n dúró. Ó wọlé, ó pẹ́ débi tí mo rò pé ó ti sùn. Ìgbà tó jáde, agbádá funfun ló wọ̀, ó dé fìlà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Mo ya mẹ́rin. Olótùú ìwé ìròyìn yóò fẹ́ràn ti síńgílẹ́ẹ̀tì ju èyí lọ, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà dára níbẹ̀. Mo fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ rẹ̀ obìnrin kí n tó kúrò lójú ọ̀nà.

Ó tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà kí ọmọ náà tó pè mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní èyí tó tóbi ju eléyìí lọ? A ò ní òmíràn tó dáa." Ìgbà tí mo tún gba Campos kọjá, bàbá wà lára ògiri pẹ̀lú agbádá funfun, déètì ìsìnkú wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíì á ní fọ́tò ìsìnkú nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. N ò bá a jiyàn. Mo kàn mọ̀ pé nínú gbogbo ohun tí mo ti yà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sí èyí tí wọ́n tíì lò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àwọn fọ́tò báyìí ń pẹ́ láyé. Nígbà tí kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù gbòde, ọ̀pọ̀ ilé fọ́tò l'Ékòó ló da fíìmù ọlọ́dún gbọọrọ nù. Karl Ohiri, ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tó kù jọ. Ojú àwọn òbí àwọn kan ló wà nínú àpótí wọ̀nyẹn.

Níbí ní Ògòtún, mi ò níṣòro ẹni tí yóò bi mí ní ibi tí mo ti wá. Wọ́n mọ ilé bàbá mi. Àmọ́ ẹ mọ̀ wá mọ́ ẹní híhun, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ẹni tó bá gbé kámẹ́rà wá síbí sì ń fẹ́ ni ọwọ́ obìnrin lórí ẹní tó hun dé ìdajì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sọ́dọ̀ ìyá kan níbi tó ti ń hun tiẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ kú ùṣẹ́ o, yèyé." Ó dáhùn. Mo ní kó jẹ́ kí n ya bó ṣe ń hun ún. Ó ní ìdajì ẹní kọ́ ni òun fẹ́ kí wọ́n mọ òun mọ́. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n gbé odindi kan jáde láti yàrá, aláràbarà, wọ́n tẹ́ ẹ sójú oòrùn, òun náà wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó jókòó padà, tó ní kí n máa ya ọwọ́ òun bó bá ṣe wù mí.

Mo fi méjèèjì hàn án lórí kámẹ́rà, mo ní èwo ni kí n lọ tẹ̀ ní Adó. Ó nawọ́ sí ti ẹní odindi. Ó ní kí n tẹ mẹ́ta, torí ọmọ òun méjì wà l'Ékòó. Lọ́jọ́bọ̀ ni n ó lọ gbà á.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó dìgbà kan ná.