Má Fi Kádàrá Bo Àìbìkítà: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Mẹkáníìkì Wa

Bismillahir-Rahmanir-Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fún wa ní ara líle láti wá jíjẹ mímu. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.   

Lónìí, ọ̀rọ̀ wa kan àwọn ará wa tó ń tún ọkọ̀ ṣe: mẹkáníìkì, rẹ́wáyà, wẹ́dà, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ halálì ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá já lé ọmọ iṣẹ́ lórí níbi tó ti ń tú nọ́ọ̀tì, ohun tí à ń gbọ́ ni pé, "Kádàrá ni." Ta ló wá fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ náà dúró?

Ẹ rántí Sayyidina Umar. Nígbà tó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀, ó sì pinnu láti padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar dá a lóhùn pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan lòun ti ń bọ́ sí òmíràn. Ta ló máa sọ pé ìgbàgbọ́ Umar kéré? Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ti kìlọ̀ nínú Súúrà Baqarah pé ká má fọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún dídì í mú. Ọ́ìlì inú rẹ̀ lè jò, ilẹ̀ sì lè rì. Ẹ dínà fún táyà, kí ẹ fi irin ìdúró gbé ọkọ̀ náà kẹ́ ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù, torí ó máa ń fọ́ lójijì.

Ẹnu tí a fi ń ka Alùkùránì, ẹ má fi fa pẹtiróòlù mọ́. Bí díẹ̀ bá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn. Bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fipá mú un bì. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Bátìrì tí iná ń wọ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde, ẹ má ṣáná nítòsí rẹ̀. Bí ásíìdì rẹ̀ bá ta sójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án lójú ẹsẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó sáré lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin wẹ́dà, awò oòrùn lásán kò lè gba ojú yín là. Ẹ lo ìbòjú wẹ́dà gan-an, kí ọmọ tó ń bá yín di irin mú náà ní tirẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Nínú ààwẹ̀ yìí, òùngbẹ àti oòrùn lè mú kí òòyì kọ́ni. Ẹ ṣe iṣẹ́ tó wúwo láàárọ̀ kùtù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún un láti ṣínu, kó sì san án padà.

Ẹ̀yin ọ̀gá, Ànábì wa sọ pé olùṣọ́ ni olúkúlùkù wa, a ó sì bi wá nípa ohun tí à ń ṣọ́. Àgbàfipamọ́ ni ọmọ iṣẹ́ jẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá lè ra sípánà tuntun, ẹ ra ìbọ̀wọ́ àti irin ìdúró pẹ̀lú. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń gbé ọkọ̀ dúró ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní ibi iṣẹ́, kó bá wa gba ààwẹ̀ wa. Amin.