Ìtàn Tí Mo Fẹ́ Kọ
(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

 

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá fi ara mi hàn yín. Èyí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí agbo-ilé tí n kò tíì kọ́ ọmọ wọn ní ìwé kò pọ̀ nínú ìlú yìí. Ẹ mọ̀ mí sí olùkọ́, ẹni tí ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tí ó sì ń dúró níwájú pátákó lójoojúmọ́. Ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ mí sí ni mo wá sọ lónìí: mo fẹ́ di òǹkọ̀wé. N kò tíì tẹ ìwé kankan jáde. Àwọn ìwé tí mo fi ọwọ́ kọ ni ó kún inú àpótí mi, ìtàn tí mo fi ọkàn ara mi rò ni ó sì wà nínú wọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ta sí àwọn àgbà kan létí, inú wọn dùn. Wọ́n ní, “Tísà, ó tó àkókò. Kọ ìtàn ìlú wa fún wa: bí a ti ṣe tẹ̀dó, àwọn ọba tí ó ti jẹ, àti àwọn ogun tí a jà.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí a ṣe é kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní ìtàn àròsọ ni ọkàn mi fà sí, ojú wọn yí padà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Irọ́ ni o fẹ́ máa kọ, ìwọ tí a fi ọmọ wa lé lọ́wọ́?” Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn níwájú gbogbo yín, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe é bí ẹni tí ń jalè.

Èkíní, ìtàn àròsọ kì í ṣe irọ́. Irọ́ ni ohun tí a sọ kí ẹni tí ó gbọ́ ọ lè ṣìnà. Ẹni tí ń pa àlọ́ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ké “Ààlọ́ o,” tí àwọn ọmọ sì ti dáhùn. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ pé ìjàpá kì í fọhùn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó gbọ́ nípa ọ̀kánjúà rẹ̀ tí kò ní rántí ẹnìkan ní àdúgbò tirẹ̀.

Láàrin ọdún 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas, tí ó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde. Obìnrin náà ti lo ìgbà èwe rẹ̀ ní ìlòkulò, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì ń ròyìn ayé rẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́gbọ́n. Àwọn òǹkàwé gbà pé ó ń bẹ láàyè ní tòótọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Thomas fúnra rẹ̀ ni ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Èkó ìgbà náà ti ń sọ̀rọ̀, orin tí wọ́n ń kọ, àti àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣe fàájì, yóò rí i nínú ìtàn obìnrin tí a kò bí rí.

Bákan náà ni ó rí ní ti ìlú tiwa. Ìwé ìtàn yóò sọ pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Gánà pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi padà wálé. Kò ní sọ ohun tí ọmọ tí wọ́n bí sí Kùmásì rò nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ìlú tí wọ́n ní ó jẹ́ ti bàbá rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi èdè ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Orí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ìtàn mi dá lé. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láàrin wa, ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn kan níhìn-ín yóò mọ̀ ọ́n.

Èkejì, àwọn kan ní kí ni èmi nìkan fẹ́ máa dá rò, nígbà tí a ní ẹgbẹ́? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ìka tí a gbájọ náà kò dọ́gba, ẹnikẹ́ni kò sì gé wọn kí wọ́n lè dọ́gba. Ẹ wo Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì. Iṣẹ́ tí àwọn ọba rán an ni ó ń ṣe: òpó, ilẹ̀kùn, ọba lórí ìtẹ́, olorì àti ẹlẹ́ṣin. Ohun tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìṣáájú ti ń gbẹ́ náà ni. Síbẹ̀, àwọn ère tirẹ̀ yọ síta lára igi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ máa rìn lọ. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, British Museum ni ó sì ni ín títí di òní. Ó sin ọba tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ojú inú ara rẹ̀.

Ẹ wo Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta. Ìwé tí ó kà kò pọ̀, òjíṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Nígbà tí ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé bínú pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, pé ó dójú tì wá. Lẹ́yìn náà ni a túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè. Ẹ sì wo D. O. Fágúnwà, olùkọ́ tí ó jáde ní St. Andrew’s, Ọ̀yọ́. Yorùbá ni ó fi kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1938, Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. N kò fi ara mi wé wọn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo kàn ń sọ pé ọ̀nà náà ti là.

Ìdí mìíràn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára wà ní kíláàsì mi. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí ọjọ́ ọjà ìlú wa, gbólóhùn kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ti há a sórí láti inú ìwé. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé ìyá òun a máa ka owó nínú òkùnkùn, kí ẹni tí ó jẹ ní gbèsè má baà mọ iye tí ó pa. Gírámà rẹ̀ kò mọ́ tó ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó lọ sí ọjà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Bí ìtàn mi bá jáde, ẹ má ṣe wá ojú bàbá yín kiri nínú rẹ̀. N kò ní tú àṣírí ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin àgbà, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí fún mi, ẹ̀yin náà sì kọ tiyín. Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa fún ọmọ kan ní ẹ̀bùn lọ́dọọdún, ọmọ tí ó bá fi Yorùbá kọ àròkọ tí ó ti ọkàn ara rẹ̀ wá.

Ní ti ìwé ìtàn ìlú, bí ẹgbẹ́ bá yan ìgbìmọ̀, mo ṣetán láti ṣe akọ̀wé fún wọn. Kí a ní èyí, kí a sì ní tọ̀hún: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìlú wa kò ní bàjẹ́ o. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.