Ẹ̀rí Ìgbéyàwó: Obì, Òrùka àti Ìwé

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni mo bá wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti jíjẹ àti mímu rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: bí a bá ti gbé ìyàwó tán, kí ni ẹ̀rí tí yóò dúró pé a gbé e?

Ní ayé àwọn baba wa, ìbéèrè yìí kò ṣòro í dáhùn. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ka ìpele mẹ́ta sílẹ̀: kí a kọ́kọ́ fi èrò wa hàn fún àwọn òbí ọmọ, kí ìṣíhùn tẹ̀ lé e, kí ìgbéyàwó gan-an sì kẹ́yìn. Alárinà a máa lọ, a máa bọ̀. Ìdílé méjèèjì a máa ṣe ìwádìí ara wọn. Ní ọjọ́ tí ìyàwó bá dé, ojú gbogbo àdúgbò ni a ó ti bu omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Ọmọdé tí ó rí i ní ọjọ́ náà yóò dàgbà, yóò sì lè jẹ́rìí sí i. Ìlú lápapọ̀ ni ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò gbé ààrin irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ wo Ìbàdàn titun. Àjọ Ilé Kíkọ́ ti Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1958, ni ó kọ́ ọgbà ilé Bódìjà. Agbowó kọjú sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, àti akẹ́kọ̀ọ́ àti àlejò láti ìlú gbogbo ni ó sì ń gbé ibẹ̀. Ní Ring Road tàbí ní Challenge, ọmọ yín lè bí ọmọ mẹ́ta kí ará ilé kejì tó mọ orúkọ ìlú rẹ̀. Lóòótọ́, a kò pa àṣà tì. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ó rí ìdána káàkiri: alága ìdúró ń bẹ̀bẹ̀, alága ìjókòó ń dá a lóhùn, obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀ àti iṣu pé pérépéré, ìdílé ìyàwó sì lè dá owó orí padà, kí wọ́n wí pé àwọn kò ta ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó kó iṣu lọ, a ó jẹ obì tán, àwọn alága yóò gba owó iṣẹ́ wọn lọ sílé. Ìwé ìtọrọ tí àbúrò ìyàwó kà sí etí gbogbo ènìyàn yóò wà lábẹ́ àga, a ó sì gbá a dànù ní ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ọkọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kú lójijì. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti ìlú dé sí Agbowó. Àwọn àgbà tí wọ́n gba obì ti di ará ọ̀run. Wọ́n wá bi opó náà pé, "Ta ni ó fi ọ́ fún un?" Kí ni yóò nà sí wọn?

Ẹ kíyè sí ohun tí òfin wí. Òfin mọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ní ìgbéyàwó tòótọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé nínú àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ni ó ni ogún. Ti ìgbéyàwó kóòtù yàtọ̀. Òfin ìpín ogún tí Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ṣe ní ọdún 1959 fún aya tí a gbé níyàwó lábẹ́ òfin náà ní ìpín tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, bí ọkọ bá kú láìkọ ìwé ìhágún. Ní ti Mùsùlùmí, Kùránì pín ìdá kan nínú mẹ́jọ fún àwọn aya bí ọkọ bá ní ọmọ, àti ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá ní. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba ìpín aya gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé aya ni òun.

Kò sì yẹ kí a bẹ̀rù ìwé kóòtù bí ohun àjèjì. Bí ẹni méjì bá fẹ́ fẹ́ ara wọn lábẹ́ òfin, a ó lẹ ìkéde wọn mọ́ ara ògiri fún ọjọ́ 21, kí ẹni tí ó bá ní àtakò lè sọ ọ́. Kí ni èyí bí kò ṣe ìwádìí àwọn baba wa? Ẹlẹ́rìí méjì ni yóò fọwọ́ sí i. Kí ni wọ́n bí kò ṣe alárinà? Ṣùgbọ́n alárinà a máa kú. Ìwé a sì máa wà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé ìtọrọ ṣègbé: kí olórí ìdílé méjèèjì fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ìyàwó sì tọ́jú rẹ̀. Èkejì, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín, nítorí òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó sí ọwọ́ wọn. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bèèrè bóyá ìjọba ti fún ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ìwé àṣẹ láti so ènìyàn pọ̀. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n òrùka nìkan kò sọ ọ́ di ti kóòtù. Ẹ̀kẹrin, ọkọ tí ó fẹ́ràn aya rẹ̀, kí ó kọ ìwé ìhágún nígbà tí ara rẹ̀ le, kí ó sì fi orúkọ aya sí ìwé ilẹ̀ tí wọ́n jọ rà.

Ìkìlọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ọkùnrin. Ẹni tí ó bá gbé ìyàwó ní kóòtù kò gbọdọ̀ tún gbé òmíràn níyàwó ìbílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni òfin là sílẹ̀ fún un. Kí olúwarẹ̀ rò ó dáadáa kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ̀yin ará, ẹ máa bá obì àti oyin yín lọ; ẹwà wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí inú àpótí ìyàwó má ṣe jẹ́ aṣọ nìkan. Kí ìwé wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.